Ọmọ Tí Jabez Tilden Kò Sin

Ohun àkọ́kọ́ tí kò bára dé ni òórùn. Emmett Rourke dúró sábẹ́ igi ní pápá ńlá tó wà láàárín ìlú Boston, fìlà onígun mẹ́ta lórí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń kí àwọn àlejò tí wọ́n fẹ́ bá a rìn yí ká àwọn ibi tí ogun òmìnira ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí imú rẹ̀ gbé òórùn imí ọjọ́. Kí ó tó di amọ̀nà, ó ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní kẹ́mísírì fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà kò lè ṣi òórùn náà mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tó ti ń wá. Kò sí ẹni tó dáná sí pápá náà ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, atẹ́gùn ìgbà ìwọ́wé sì ń fẹ́ tútù láti orí òkun.

Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Tọkọtaya arúgbó kan wà níbẹ̀ láti Ohio, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, obìnrin kan sì so ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọkùnrin kan dúró, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ilẹ̀ àti ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún. Emmett rò pé amọ̀nà ẹgbẹ́ mìíràn ni, pé ó wá yọ́ iṣẹ́ òun wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín padà. Aṣọ ọrùn rẹ̀ kò jọ aṣọ tí a rán fún eré. Etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, bí ti ẹni tó ti ń ha igi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti mu èéfín yó.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará,” ni Emmett wí. “Èmi ni Jabez Tilden. Àgbá onígi ni mò ń kàn létí òkun. Ẹ má fòyà. Lóòótọ́ mo ti kú, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ṣì le ju tiyín lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí.

Bí àṣà ẹgbẹ́ wọn ṣe rí nìyí. Amọ̀nà kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Oníkálukú ni í mú orúkọ òkú kan tó gbé ìlú náà láyé ogun, tí yóò wọ irú aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa fọhùn bí ẹni pé òun gan-an ni. Òfin kan ló rọ̀ mọ́ àṣà yìí. Lucinda Babcock, àgbà obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ìyàwó onítẹ̀wé kan láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ni í máa kà á sétí ẹni tuntun: “Ibi tí ìmọ̀ wa bá dé nípa òkú rẹ ni kí ẹnu rẹ dé. Má bímọ fún un, má sì pa á lọ́mọ.”

Ara òkúta kan ní itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lẹ́bàá òpópónà ni Emmett ti rí orúkọ tirẹ̀. Òkúta náà ti ṣẹ́ nídìí. Orúkọ àti iṣẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí lórí ẹni tó ni ín mọ́. Láyé àwọn baba ńlá wọn, àwọn alábòójútó itẹ́ náà hú àwọn òkúta kúrò lórí àwọn òkú, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ̀rọ tí ń gé koríko lè ráyè kọjá. Òkúta wà lọ́tọ̀, olókùúta wà lọ́tọ̀. Lójú Emmett, ẹni tí kò ní ibojì tó dájú, tí kò sì ní ìtàn, kò yàtọ̀ sí ìgò òfìfo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nǹkan sínú rẹ̀.

Bí ó ti máa ń ṣe nínú yàrá ìwádìí ló ṣe é níbí: ó ń yí ẹyọ ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń wo ojú àwọn olùgbọ́. Ó fún Jabez ní ìyàwó, ojú wọn gbẹ. Ó fún un ní ọgbẹ́ ogun, ojú wọn gbẹ. Ó wá fún un ní ọmọbìnrin kan, Patience, ẹni tí olóde mú lọ́dún tí ogun há ìlú mọ́. Olóde ni àrùn tí àwọn àgbà kì í pè lórúkọ nígbà tí oòrùn bá mú. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó sì fi kún un pé eyín iwájú ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, pé ó ní àpá tín-ín-rín kan lábẹ́ àgbọ̀n, pé imú ló máa fi ń kọrin bí ó bá ń wọ bàtà, àwọn ọkùnrin pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Kò rìn jìnnà kí ó tó rí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ara Nora ló ti ṣà wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Deirdre ìyàwó rẹ̀ bí.

Ní ọjọ́ Tuesday yìí, ó kó àwọn àlejò dé iwájú òkúta Jabez bí ó ti máa ń ṣe, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì sọ bí ọmọ náà ṣe kú. Ibà ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ibà, kókó sú sí iwájú orí. Lẹ́yìn iwájú orí, apá àti àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà, ó ń béèrè omi, kò sì lè gbé e mì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, bí aago ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó dákẹ́.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ya àwòrán, wọ́n sì fọ́n ká láàárín àwọn òkúta. Ọkùnrin aláwọ̀ ilẹ̀ náà sún mọ́ ọn. Òórùn imí ọjọ́ ṣíwájú rẹ̀ dé.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi kú?” ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ga ju ìró ewé gbígbẹ lọ.

Emmett rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ wo lẹ ti wá? Ẹ mọ eré yìí ṣe jù wá lọ. Ta ló rán ẹ̀wù yìí fún yín?”

“Ìyàwó mi ni. Ọmọ mi kò kú. Òun ló sin mí, ó sì gbó, ó tọ́. Àmọ́ lójoojúmọ́ lò ń gbé e wá síbí, tí ò ń gbẹ́ ilẹ̀ dè é, tí ò ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìdí, tí ò ń lọ jẹun ọ̀sán.”

“Ẹ̀gbọ́n, eré ni.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.” Ọkùnrin náà bojú wo abẹ́ àgbọ̀n Emmett bí ẹni tí ń wá nǹkan níbẹ̀. “Àpá yẹn kò sí lára ọmọ mi. Àpá ọmọ ta ni?”

Arúgbó ará Ohio bi Emmett léèrè ibi tí òun ti lè tọ̀. Ó yíjú láti fi hàn án. Nígbà tí ó padà, òórùn nìkan ló bá.

*

“Dádì, orí ń fọ́ mi,” ni Nora fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà. Emmett gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó sì yára gbé e kúrò.

Ní Wednesday, iwájú orí náà sú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe èéyi. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kò rí nǹkan kan. Ó ní irú kókó báyìí, inú ìwé nìkan ni òun ti rí i rí, ara àwọn tí àrùn kan mú, àrùn tí gbogbo ayé ti kápá rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Emmett jókòó sílé ní ọjọ́ náà. Kò lọ síbi iṣẹ́, kò sọ ìtàn kankan, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò dúró dè é. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, apá ọmọ náà ti sú dé ìgúnpá. Ìtàn tí a ti sọ ti gbé ẹsẹ̀, kò nílò ẹnu mọ́.

Kò gbà á gbọ́, àmọ́ ó mọ bí a ṣe ń dán ohun tí a kò gbà gbọ́ wò. Ní Thursday, ó padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí ó dé iwájú òkúta, ó fi ohun kan kún ìtàn náà tí àrùn kankan kì í dédé ṣe: ó ní kókó kan ṣoṣo yọ lẹ́yìn etí òsì Patience, ó tóbi bí ẹ̀wà, ó sì dúdú. Kò tíì jáde nínú itẹ́ òkú nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

“Emmett,” ni Deirdre wí, “nǹkan kan ti yọ lẹ́yìn etí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo fọ irun rẹ̀.”

“Etí wo?”

“Kí ló dé tó o fi béèrè bẹ́ẹ̀?”

Ó ní òun á pè é padà, ó sì pa fóònù.

Lucinda Babcock ló jókòó tì níbi ìsinmi ọ̀sán, lórí àga gígùn níwájú ilé ìpàdé àtijọ́. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdáwọ́ jíjẹ ápù rẹ̀ dúró. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ ku kóró, ó fi í sínú àpò.

“Mo ti jẹ́ ìyàwó onítẹ̀wé pẹ́ ju bí mo ti ṣe ìyàwó ọkọ mi lọ,” ni ó wí, “mi ò tíì fún obìnrin yẹn ní eyín kan tí kò ní. O rò pé mo kàn lágídí ni?”

“Mo rò pé ẹ fẹ́ràn òfin ni, Mísíìsì Babcock.”

“O rò. Ẹni tí a jẹ́ orúkọ rẹ̀, aṣọ ló yá wa. Ìwọ wá lọ di òkú ọmọ sínú aṣọ aláṣọ. Ṣé aláṣọ máa wá gbé e ni àbí kò ní gbé e?”

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?”

Lucinda wo òpópónà sọ́tùn-ún sósì kó tó fèsì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́. “Yọ ọmọ náà kúrò nínú rẹ̀. Bí Jabez kò bá bímọ, ta ni yóò kú?”

Ọ̀rọ̀ náà tọ́ lójú ìṣirò. Ní Friday, Emmett dúró síwájú òkúta, ọkùnrin aláwọ̀ ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn àwọn àlejò. Emmett ní òun, Jabez Tilden, gbé ayé òun láìbímọ. Ó rí i tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Ó kó àwọn àlejò síwájú, ó sì pe ilé.

“Báwo lara rẹ̀?”

“Ara ta ni?” ni Deirdre béèrè. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́, bí ohùn ẹni tó sùn dáadáa.

“Nora.”

“Nora wo? Ará ibi iṣẹ́ yín kan ni?” Ó ń fi nǹkan họ ara ògiri bí ó ti ń sọ̀rọ̀. “Gbọ́, mo ti pinnu pé mo máa kun yàrá kékeré yẹn, èyí tí a ò fi ṣe nǹkan kan láti ọjọ́ yìí. Bá mi mú ọ̀dà funfun bọ̀ o.”

Emmett di ọgbà onírin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà mú. Ó ń wá ojú ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀, ó rí eyín tó yọ, ó rí àpá, àmọ́ kò rí ojú tó yẹ kí wọ́n wà lára rẹ̀. Ó sáré. Ó lé àwọn àlejò náà bá níwájú ilé ìjọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ dúró. Mo parọ́ fún yín níbẹ̀ yẹn. Mo bímọ. Obìnrin ni. Mo bí i, ìyá rẹ̀ bí i, a sì jọ sọ ọ́ lórúkọ.”

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, “Ó dáa, Bàbá Tilden, a ti gbọ́,” àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ dún. Deirdre ni, kò sì tíì sọ̀rọ̀ tí Emmett fi gbọ́ igbe ọmọ tí ara ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ igbe náà, ó sì dúpẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀. Ní Saturday, ó ní àìsàn náà dé, ó sì lọ. Ó ní Patience dìde lórí ibùsùn, ó sì jẹun. Inú àwọn àlejò dùn. Ọkùnrin aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló mi orí.

“Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀,” ó sọ fún un ní ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n ku àwọn méjì. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ mọ́, èyí sì ba Emmett lẹ́rù ju ìbínú lọ. “Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo sun imí ọjọ́ nínú ilé wa, kí olóde lè jáde? Ìwọ lo pè é wọlé. Àlejò tí a pè kì í lọ lọ́wọ́ òfo.”

“Ọmọdé ni. Ọmọ ọdún méje.”

“Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wúwo tó.”

Nígbà tí Emmett délé, Nora ń béèrè omi. Wọ́n fi síbí bọ́ ọ, omi náà sì ń ṣàn padà sórí ìrọ̀rí. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní òwúrọ̀ bí kò bá sàn. Emmett mọ ohun tí òwúrọ̀ jẹ́. Òun ló yàn án. Ó ti dán ọjọ́ mìíràn wò lẹ́nu iṣẹ́ rí, ó sì ti rí i pé Sunday, pẹ̀lú aago tí ń lù, ló ń pa wọ́n lẹ́kún jù.

Ó jókòó ti ibùsùn náà, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ẹni tí ń tú ìṣirò. Bí ọmọ bá kú nínú ìtàn, ọmọ yóò kú. Bí ọmọ kò bá sí nínú ìtàn, ọmọ kò sí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kú, olóde kò gbà. Ó ku ẹyọ kan tí kò tíì yí padà. Ó yẹ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wò léraléra, ó sì rí àyè kékeré kan nínú rẹ̀: ó ní olóde kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a lọ nìyẹn. Kò sọ ìgbà tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ Sunday, ó fi ẹnu ko ọmọ náà lórí, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì jáde. Deirdre kò bi í ní ibi tó ń lọ. Ojú tó fi wò ó ti tó. Ó kó àwọn àlejò àkọ́kọ́ tó rí ní pápá, ó fo ilé aṣòfin tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí, ó mú wọn lọ tààrà sí itẹ́ òkú. Ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀. Lónìí, kò dúró sẹ́yìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, bí onílé tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Olóde wọ ilé mi,” ni Emmett wí. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó mú ọmọ mi. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ mi nu ara rẹ̀, mo mu omi tó kù nínú ife rẹ̀. Mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀, kó mú mi. Ó gbọ́. Ọmọ mi dìde. Èmi ni mo kú. Èmi lolóde pa.”

Ó fi mọ síbẹ̀. Ó ti pinnu pé òun kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ọkùnrin náà ń wò ó. “Bó ṣe rí nìyẹn,” ni ó wí. “Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ta ló sọ fún ọ?”

Kí Emmett tó lè dáhùn, obìnrin kan nínú àwọn àlejò, ẹlẹ́wù pupa, ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti wà níbẹ̀, na ọwọ́ sókè. “Ìgbà wo wá lẹ kú, Mísítà Tilden? Ṣé ẹ pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀?”

Amọ̀nà kì í fi ìbéèrè àlejò sílẹ̀ láìdáhùn. Ìdáhùn náà ti wà lórí ahọ́n Emmett, ó ti ń kọ́ ọ láti òru: mo di arúgbó, mo rí ọmọ ọmọ mi, àpá ìgbà náà ló padà wá pa mí. Ó la ẹnu. Ohùn mìíràn ló jáde, láti ẹ̀gbẹ́ òkúta, ohùn oníwà pẹ̀lẹ́ tí ń ran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti gbàgbé.

“Kò pẹ́, ìyá. Kí ewé tó wọ́ tán lọ́dún yẹn ni.”

Obìnrin náà yíjú sí i, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. “Ẹ wá di méjì,” ni ó wí, ó sì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù bá a pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí aago ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, tí fóònù sì ń gbọ̀n nínú àpò Emmett. Ó gbé e sétí.

“Ara rẹ̀ ti tutù,” ni Deirdre wí, ó ń sunkún. “Ó mu omi. Ó mu ife kan tán, ó ní ebi ń pa òun, pánkéèkì lòun fẹ́. Emmett? Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́,” ni ó wí. “Ṣe é fún un. Ṣe èyí tó pọ̀.”

*

Nora kò padà sí iléèwé lọ́sẹ̀ yẹn, àmọ́ wọ́n jẹ́ kó máa ṣeré níwájú ilé, nínú ẹ̀wù òtútù, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tí ń gbẹ lọ lójú rẹ̀. Lucinda ti gba iṣẹ́ Emmett ṣe fún un ní ìgbà díẹ̀. Emmett jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òpópónà. Ó ti rò ó dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ pé ewé igi wo ni yóò wọ́ tán. Igi ahóyaya tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kì í tètè wọ́wé. Igi páìnì ẹ̀yìn ilé ìjọ kì í wọ́wé rárá, ìgbà òtútù á dé bá a níbẹ̀ ní tútù, á sì lọ. Ó ń wo páìnì náà nígbà gbogbo. Láti àárọ̀ ni orí ti ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti sọ fún Deirdre pé oorun tí òun kò rí sùn ni.

Igi kékeré kan wà níwájú ilé wọn gan-an, èyí tí wọ́n gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Nora. Ewé rẹ̀ ti pupa, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú.

“Nora,” ni ó pè é. “Fi igi yẹn sílẹ̀.”

“Díẹ̀ ló kù, Dádì,” ni ó wí. “Ẹ máa wò ó.” Ó sì fi gbogbo agbára tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ara rẹ̀ mì í.